Ẹni tó bá rí ẹ́límẹ́ǹtì tuntun, ṣé òun náà ló ń sọ ọ́ lórúkọ?

Gbogbo ìgbà tí orúkọ tuntun bá ti wọ periodic table, ìyẹn àtẹ tí wọ́n to gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì (àwọn nǹkan ìpìlẹ̀ bíi wúrà àti irin) sí, ni ìbéèrè yìí máa ń jáde, pé ta ló jókòó tó mú orúkọ bíi oganesson tàbí tennessine wá, ṣé ẹni tó rí nǹkan ọ̀hún ni, àbí àjọ kan ló wà níbì kan tó ń pín orúkọ. Àwọn kan á ní ẹni tó bá rí i ló ni ín, ohun tó bá wù ú ni kó pè é. Àwọn kan á ní rárá o, ìgbìmọ̀ ló ń yan orúkọ. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bó ṣe rí gan-an ni pé ẹni tí wọ́n bá gbà pé ó rí i ló ní ẹ̀tọ́ láti mú orúkọ wá, àjọ àgbáyé á wá yẹ orúkọ náà wò, wọ́n á sì fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n ní kó lọ tún un ṣe. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "ẹni tí wọ́n bá gbà pé ó rí i" yẹn ni gbogbo wàhálà wà. Orúkọ fúnra rẹ̀ kì í sábà gbà tó ọdún kan, àmọ́ láti ìgbà tí lábù kan bá ti pariwo pé òun ti rí i títí di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ máa yanjú lè tó ọdún mẹ́wàá, kódà ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tuntun ná. Iye prótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó wà láàárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, ló ń sọ irú ẹ́límẹ́ǹtì tó jẹ́, nǹkan mìíràn ò sí níbẹ̀. Ẹyọ kan, háídrójìn nìyẹn. Méjì, hílíọ́ọ̀mù. Wúrà ní 79, uranium ní 92. Tí ẹ bá yọ ẹyọ kan péré kúrò nínú 79 ti wúrà yẹn, kì í ṣe wúrà mọ́, ó ti di platinum. Torí náà kò lè ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan á walẹ̀ lọ́jọ́ kan kó wá kan ẹ́límẹ́ǹtì kan tó wà láàárín fàdákà àti wúrà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí, torí láti 1 dé 118 gbogbo ààyè ló ti kún, prótọ́ọ̀nù ò sì ní ìlàjì. Tí tuntun bá máa wá, ó di 119 sókè.

Àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún yẹn ò sí nínú ilẹ̀, wọn ò sí nínú omi, èèyàn ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n á mú átọ́ọ̀mù tó kéré, wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í kó máa sáré bí ìdá kan nínú mẹ́wàá eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá, wọ́n á yìn ín lu átọ́ọ̀mù ńlá kan, wọ́n á wá máa wò ó bóyá àwọn méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan. Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Zinc ní 30, bismuth ní 83, ẹ pa wọ́n pọ̀, ó di 113. Calcium ní 20, berkelium ní 97, ó di 117. Calcium yẹn náà pẹ̀lú californium tó ní 98, ó di 118. Iṣẹ́ ibẹ̀ ló le, torí pé nínú àìmọye bílíọ̀nù átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló máa gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá tàbí kí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ wo 113, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn dáadáa. Lábù kan tí wọ́n ń pè ní RIKEN ní Jàpáàní, Kosuke Morita ló ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í yin zinc lu bismuth ní 2003. Wọ́n rí átọ́ọ̀mù kan ní July 23, 2004. Wọ́n rí ìkejì ní April 2, 2005. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkankan, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń dúró, ọdún ń gorí ọdún, àfi ní August 12, 2012 tí ẹ̀kẹta tó dé. Átọ́ọ̀mù mẹ́ta o, kì í ṣe gíráàmù mẹ́ta, nǹkan tó jẹ́ pé tí ẹ bá kó o jọ síbì kan, kò sí máíkírósíkóòpù kíláàsì kankan tó lè fi hàn yín.

Kò sì sí ẹni tó fojú rí ọ̀kankan nínú wọn, torí pé ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ ó ti fọ́ dànù. Ipasẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n rí. Átọ́ọ̀mù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í lè dúró, ó máa ń ju prótọ́ọ̀nù méjì pẹ̀lú núútírọ́ọ̀nù méjì (ẹyọ mìíràn tó máa ń wà pẹ̀lú prótọ́ọ̀nù) sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà 113 á di 111, 111 á di 109, á tún di 107, á di 105, ẹ̀rọ á sì máa kọ ìgbà àti agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi jáde sílẹ̀. Tí ìdílé yẹn bá sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi kan ẹ́límẹ́ǹtì tí gbogbo ayé ti mọ̀ dáadáa, èèyàn lè ka nọ́ńbà padà sókè kó sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Átọ́ọ̀mù méjì àkọ́kọ́ tí RIKEN rí, nígbà tí wọ́n dé 105 wọ́n là sí méjì, ipasẹ̀ wọn sì parí síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ní ó dáa, àmọ́ kò tíì tó. Ẹ̀kẹta ló yanjú ẹ̀ torí pé òun ò là ní 105, ó sọ̀ kalẹ̀ dé 103, ó dé 101, tí í ṣe mendelevium tí wọ́n ti mọ̀ láti 1955. Gbogbo ọdún méje tí wọ́n fi dúró láàárín ìkejì àti ẹ̀kẹta, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń dúró yìí, àwọn kan náà wà níta tó ń sọ pé àwọn ló kọ́kọ́ rí 113. Lábù Dubna ní Rọ́ṣíà pẹ̀lú lábù Livermore ní Amẹ́ríkà ti jọ kéde pé àwọn ṣe 115, 115 yẹn sì ju prótọ́ọ̀nù méjì sílẹ̀ ó di 113. Ṣé ẹ wá rí i pé tí ẹ bá kàn gbé ẹ̀tọ́ orúkọ fún ẹni tó kọ́kọ́ pariwo, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ló wo ẹ̀rí ìhà méjèèjì, wọ́n fún Jàpáàní ní 113, wọ́n fún àwọn tọ̀hún ní 115.

Ìgbìmọ̀ wo? Àjọ àgbáyé méjì ló ń yàn án: IUPAC tó ń bójú tó kẹ́mísírì, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1919, àti IUPAP tó jẹ́ ti físíìsì. Wọ́n á jọ yan àwọn ọ̀mọ̀ràn díẹ̀ tó máa jókòó ti gbogbo ìwé tí àwọn lábù ti gbé jáde, wọ́n á sì fi òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 1991 wò wọ́n. Àwọn òfin ọ̀hún pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ó dáhùn ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi, pé nǹkan tí kò lè dúró fún ìṣẹ́jú kan, báwo lẹ ṣe máa pè é ní ẹ́límẹ́ǹtì. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ wà fún ó kéré tán sẹ́kọ́ǹdù kan tí wọ́n pín sí ọ̀nà trílíọ̀nù 100. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ wọn ò kàn ṣàdédé mú un, bí àkókò tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nílò láti pé yí àárín átọ́ọ̀mù ká nìyẹn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń ṣe kẹ́mísírì. Ohun tí kò bá lè dúró kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pé yí i ká, prótọ́ọ̀nù tó kàn forí gbára lásán ni, kì í ṣe ẹ́límẹ́ǹtì.

Àwọn kan máa ń ní àyẹ̀wò yìí ti pẹ́ jù, pé kí ló dé tí wọn ò lè tètè fọwọ́ sí i. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe kékeré. Ní 1957 àwọn kan ní Stockholm kéde pé àwọn ti rí 102, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ ní nobelium. Àwọn tó wà ní lábù Berkeley ní Amẹ́ríkà àti Dubna ṣe irú ẹ̀, wọn ò rí i, nígbà tó yá ó hàn pé ohun tí wọ́n rí ní Stockholm kì í ṣe 102 rárá. Àmọ́ orúkọ ti jáde, ó ti wọ inú ìwé, ẹnu ti mọ́ ọn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní, ìyẹn ni pé àwọn tí kò rí i ló fún un lórúkọ. Ní 1999 náà, Berkeley kéde pé òun ti ṣe 118. Àwọn lábù mìíràn gbìyànjú ẹ̀, kò bọ́ sí i, Berkeley alára tún un ṣe kò rí nǹkan kan, wọ́n padà fa ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ nígbà yẹn ńkọ́?

Kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ṣáà gbọ́dọ̀ rí nǹkan máa pè é, torí náà láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni IUPAC ti ṣe orúkọ ìdúródè kan tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n kàn ń kà. 0 ni nil, 1 ni un, 2 ni bi, 3 ni tri, 4 ni quad, 5 ni pent, 6 ni hex, 7 ni sept, 8 ni oct, 9 ni enn, ẹ wá fi "ium" sí ìdí ẹ̀. 113 jẹ́ ununtrium, 118 jẹ́ ununoctium. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé tó ti pẹ́ díẹ̀ fi ní Uut, Uup, Uus, Uuo ní ìsàlẹ̀ àtẹ, lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta. Ibi tí ẹ bá ti rí lẹ́tà mẹ́ta, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, torí náà kò lè dá ìjà sílẹ̀, ohun tó sì dáa nípa ẹ̀ nìyẹn, torí ìjà ti wáyé rí, ìjà gidi.

Ti 104 dé 109 ni mò ń sọ. Ní 1964 Dubna, tó wà lábẹ́ Soviet Union nígbà yẹn, ní àwọn ti ṣe 104, wọ́n ń pè é ní kurchatovium, orúkọ Igor Kurchatov tó ṣáájú iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì ti Soviet. Berkeley ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀rí yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ṣe tiwọn ní 1969 wọ́n ní rutherfordium ló ń jẹ́. 105 náà, àwọn Dubna ń pè é ní nielsbohrium, àwọn Berkeley ń pè é ní hahnium. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní Moscow àti èyí tó ń kàwé ní California ń rí orúkọ méjì lórí ẹ́límẹ́ǹtì kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì tó wà ní Darmstadt wá dé, àwọn ló ṣe 107, 108 àti 109 láàárín 1981 sí 1984, àwọn náà bá ní ó wu àwọn kí 107 máa jẹ́ nielsbohrium, orúkọ tí Dubna ti ń pe 105.

IUPAC wá ní kí òun pín in ní 1994, wọ́n sì tún wá da ọ̀rọ̀ rú sí i. Nínú ohun tí wọ́n gbé jáde, rutherfordium kúrò ní 104 ó lọ sí 106, hahnium kúrò ní 105 ó lọ sí 108, 104 di dubnium, 105 di joliotium. Ẹ fojú inú wò ó, èèyàn ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọ rutherfordium sínú ìwé gẹ́gẹ́ bíi 104, ẹ wá ní 106 ni. Ohun tó sì bí àwọn ará Amẹ́ríkà nínú jù ni pé Berkeley ti fi 106 sọrí Glenn Seaborg, tó wà níbi iṣẹ́ wíwá plutonium àti ọ̀pọ̀ ẹ́límẹ́ǹtì mìíràn, IUPAC sì ní kò ṣeé ṣe torí pé ọkùnrin náà ṣì wà láàyè. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Amẹ́ríkà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní seaborgium làwọn á máa kọ sínú ìwé tàwọn. Wọ́n jiyàn ẹ̀ títí di 1997 kí wọ́n tó yanjú ẹ̀ sí bó ṣe wà lónìí: 104 rutherfordium, 105 dubnium, 106 seaborgium, 107 bohrium, 108 hassium, 109 meitnerium. Seaborg fojú ara ẹ̀ rí orúkọ ẹ̀ lórí àtẹ, ó kú ní 1999.

Látìgbà yẹn kò sí èèwọ̀ lórí ẹni tó wà láàyè mọ́. Oganesson tó jẹ́ 118, Yuri Oganessian tó ṣiṣẹ́ ní Dubna ni wọ́n fi sọrí, ó sì wà láàyè nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i ní 2016. Àwọn kan máa ń fi Einstein àti Fermi, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, kún un, wọ́n ní wọ́n ti fi ẹ́límẹ́ǹtì sọrí wọn nígbà tí wọ́n wà láàyè. Ó fara jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú pàǹtí bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà yìn ní November 1952 ni wọ́n ti rí ẹ́límẹ́ǹtì méjèèjì, àṣírí ìjọba ni, nígbà tí orúkọ máa fi jáde síta ní 1955, àwọn méjèèjì ti kú.

Nínú gbogbo orúkọ tó jáde nínú ìjà yẹn, meitnerium ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Lise Meitner, onímọ̀ físíìsì, àti Otto Hahn, onímọ̀ kẹ́mísírì, jọ ṣiṣẹ́ ní Berlin fún bí ọgbọ̀n ọdún. Ní 1938 obìnrin náà sá kúrò ní Jámánì nítorí ìjọba Nazi, torí ìdílé Júù ló ti wá, ìgbà tó sì wà ní Sweden ni òun àti Otto Frisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ṣàlàyé ohun tí Hahn rí nínú lábù, pé átọ́ọ̀mù uranium ló ń là sí méjì. Nobel ti kẹ́mísírì fún 1944 wá jáde, Hahn nìkan ni wọ́n fún. Obìnrin yẹn ò gba Nobel títí ó fi kú. Lónìí, ẹ lọ wo àtẹ: meitnerium wà níbẹ̀ ní 109, hahnium ò sí. Hahnium ò sì ní padà wá mọ́ láé, torí òfin kan wà tó ní orúkọ tí wọ́n bá ti lò fún ẹ́límẹ́ǹtì kan rí, tí kò sì wá dúró, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e fún òmíràn. Kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi ń jẹ Hahn, ìdí òfin yẹn ni pé tí ẹ bá ṣí ìwé àtijọ́ tí ẹ bá hahnium níbẹ̀, ó lè jẹ́ 105, ó lè jẹ́ 108, tí ẹ bá tún wá fi sọ 121 lórúkọ, ta ló máa mọ èyí tí ẹ ń sọ?

Òfin yẹn kan náà ló kan àwọn ará Jàpáàní, tiwọn sì dùn ún gbọ́. Ní 1908, Masataka Ogawa kéde pé òun ti rí ẹ́límẹ́ǹtì 43, ó pè é ní nipponium, orúkọ orílẹ̀-èdè ẹ̀. 43 kọ́ ló rí. Ẹ̀yìn ìgbà pípẹ́ ni wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé ó jọ pé 75 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn rhenium, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí nígbà yẹn, ó gbé e síbi tí kì í ṣe tiẹ̀ lórí àtẹ, ó sì pàdánù ẹ̀. Nígbà tí RIKEN wá gba ẹ̀tọ́ 113, nipponium ti di ohun tí wọn ò lè lò mọ́. Orílẹ̀-èdè yẹn ní ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pe ara wọn, Nippon àti Nihon, wọ́n mú ìkejì, bí 113 ṣe di nihonium nìyẹn. Ẹ́límẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Éṣíà ni.

Orúkọ tí wọ́n lè mú wá náà ní ààlà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tí IUPAC ní kí wọ́n wò sì jẹ́ márùn-ún: ìtàn àtayébáyé tàbí ohun ojú ọ̀run, òkúta inú ilẹ̀, ibì kan lórí ilẹ̀ ayé, ìwà ẹ́límẹ́ǹtì náà fúnra ẹ̀, tàbí onísáyẹ́ǹsì kan. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ò sí níbẹ̀, orúkọ ọjà ò sí níbẹ̀, olóṣèlú ò sí níbẹ̀, olórin ò sí níbẹ̀. Thorium wá láti orúkọ òrìṣà àrá àwọn ará àríwá Yúróòpù, uranium láti pílánẹ́ẹ̀tì Uranus, curium láti orúkọ Marie àti Pierre Curie. Ti ibi orí ilẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tuntun, mo sì rò pé ìdí ẹ̀ ni pé àwọn lábù tó jọ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ pín iyì láàárín ara wọn. 117, Dubna ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi yìn ín, àmọ́ Oak Ridge ní Tennessee ló ṣe berkelium tí wọ́n yìn ín lù, mílígíráàmù 22 péré, nǹkan tó jẹ́ pé láàárín bí ọjọ́ 330 ìdajì ẹ̀ á ti yòrò, ṣe ni wọ́n ń sáré gbé e sọdá òkun kó má bàa ti tán. Nígbà tó wá di ọ̀rọ̀ orúkọ, 115 jẹ́ moscovium nítorí agbègbè Moscow, 117 jẹ́ tennessine nítorí Tennessee, kò sẹ́ni tó lọ lọ́wọ́ òfo.

Ìdí orúkọ náà lófin. Tó bá wà ní ìlà òòró (èyí tó lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀ àtẹ) ti àwọn fluorine àti chlorine, "ine" ló máa parí sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ tennessine tí kì í ṣe tennessium. Tó bá wà ní ìlà àwọn neon àti argon, "on" ni, bí oganesson. Àwọn tó kù, "ium". Kí ẹ má wá fi hílíọ́ọ̀mù jà mí níyàn o, mo mọ̀ pé ìlà neon ló wà tó sì parí sí "ium". 1868 ni wọ́n rí àmì ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kò tíì sẹ́ni tó rí i lórí ilẹ̀ ayé, wọ́n rò pé mẹ́tààlì ni. Orúkọ àtijọ́ ò bá òfin tuntun mu, wọn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni yí i padà, torí náà wúrà ṣì ń jẹ́ Au láti inú èdè Látìn, irin ṣì ń jẹ́ Fe, abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Ytterby ní Sweden sì ṣì ní orúkọ mẹ́rin lórí àtẹ, yttrium, terbium, erbium àti ytterbium, torí pé inú kòtò òkúta kan níbẹ̀ ni òkúta tí wọ́n ti yọ wọ́n ti wá.

Lẹ́tà méjì tó máa dúró fún un, wọ́n máa ń yẹ ìyẹn náà wò kínníkínní. Nígbà tí 112 fẹ́ di copernicium, àwọn tó rí i ní Darmstadt ní Cp làwọn fẹ́. IUPAC ní rárá, Cp ti jẹ́ ti cassiopeium rí, orúkọ tí àwọn ará Jámánì ń pe lutetium tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di Cn. Wọ́n fọwọ́ sí i ní February 19, 2010, ọjọ́ ìbí Copernicus, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tí wọ́n fi sọrí.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, IUPAC á gbé orúkọ síta fún oṣù márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ wá sọ ọ́. Ibí yìí ló máa ń da àwọn èèyàn rú jù, wọ́n á rò pé ìbò ni. Ìbò kọ́ o. Kí ó tó di pé wọ́n gbé orúkọ mẹ́rin ti 2016 jáde, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ti fọwọ́ sí ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n fi ọ̀kan sọrí olórin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó yé mi pé ìfẹ́ ni, àmọ́ iye èèyàn tó fọwọ́ sí i ò lè yí nǹkan kan padà, torí àwọn tó rí i ló ń mú orúkọ wá, olórin ò sì sí nínú márùn-ún yẹn. Ohun tí oṣù márùn-ún wà fún ni kí ẹni tó rí àbùkù nínú orúkọ wá sọ ọ́, bóyá ó ní ìtumọ̀ búburú ní èdè kan, bóyá àmì ẹ̀ ti wà lára nǹkan mìíràn, bí ọ̀rọ̀ Cp yẹn. Ti 2016, wọ́n kéde ẹni tó rí wọn ní December 30, 2015, orúkọ jáde síta ní June 8, wọ́n gba ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn di November 8, wọ́n fọwọ́ sí i ní November 28. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìlà ìbú keje àtẹ kún.

Ìbéèrè kan tó tún kù ni pé ṣé gbogbo èdè ló gbọ́dọ̀ máa pè é bẹ́ẹ̀. Rárá. Lẹ́tà àmì yẹn ni kò gbọ́dọ̀ yí padà níbikíbi láyé. Orúkọ fúnra ẹ̀, èdè kọ̀ọ̀kan lè pè é bó ṣe bá ẹnu wọn mu. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sodium, Natrium ni àwọn ará Jámánì ń pè é, ibẹ̀ sì ni Na ti wá. Ní Ṣáínà, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún ẹ́límẹ́ǹtì tuntun, nígbà mìíràn wọ́n á jókòó ṣe lẹ́tà tuntun gan-an fún un, bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn kan nínú ti 2016 yẹn.

Ní báyìí, 119 àti 120 ni gbogbo wọn ń wá. RIKEN ti ń yin vanadium lu curium, 23 pẹ̀lú 96. Berkeley fi titanium lu plutonium ṣe átọ́ọ̀mù 116 méjì, wọ́n kéde ẹ̀ ní 2024, kì í ṣe torí 116 o, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá titanium á ṣiṣẹ́ ni, kí wọ́n lè yìn ín lu californium kó di 120. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú àwọn méjèèjì máa ṣí ìlà ìbú kẹjọ, orúkọ ẹ̀ sì máa parí sí "ium" dandan, torí ìlà òòró kìíní àti ìkejì ni wọ́n bọ́ sí. Títí dìgbà yẹn 119 ń jẹ́ ununennium, àmì ẹ̀ ni Uue. Tí ẹ bá wá rí ìròyìn kan tó ní wọ́n ti sọ ọ́ ní báyìí-báyìí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá IUPAC ti kéde ẹni tó rí i, tí wọn ò bá tíì kéde ẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórúkọ.